Ẹ Yé Fi Bákóòdù Wọn Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi gbọ́. Bí àwọn oníléeṣẹ́ bá ti péjọ, ì báà jẹ́ ní Ìkejà, ì báà jẹ́ ní Àgbárá tàbí Ọ̀tà, tí ọ̀rọ̀ bá ti kan òṣìṣẹ́, orin kan náà ni gbogbo wọn ń kọ. Òṣìṣẹ́ wa ọ̀lẹ ni. Wọ́n ń jí àkókò. Àfi ká fi bákóòdù sára káàdì ọrùn wọn, ká fi òmíràn sára iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí kọ̀ǹpútà máa ṣírò ìṣẹ́jú tí kálukú lò. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà ń wí bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣirò owó ń wí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ wa tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣàkóso iṣẹ́ ń wí bẹ́ẹ̀. Èyí tó tilẹ̀ dùn mí jù ni pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Èmi kò gbà. Bákóòdù lára ọjà dára, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má lò ó. Bákóòdù tí wọ́n ń fi wọn òṣìṣẹ́ ń purọ́, ó ń ba iṣẹ́ jẹ́, ó sì ń ba ìṣirò tí wọ́n torí rẹ̀ rà á jẹ́ mọ́ ọn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ wọn bí àwọn fúnra wọn ìbá ṣe rò ó, torí pé ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Wọ́n ní pépà ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ ló yẹ kó máa kọ wákàtí tó lò lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ta ló ń kọ ọ́ lásìkò? Ó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kó tó jókòó ti ìwé, kó máa ronú ohun tó ṣe lọ́jọ́ Ajé. Ohun tó bá rántí, á kọ ọ́. Ohun tí kò bá rántí, á méfò. Akọ̀wé á tún gba ìwé yẹn, á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, á ka 1 sí 7. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá wá dé, tó ní èló ni ẹ máa gbà láti ṣe ẹgbẹ̀rún kan irú irin báyìí, ọ̀gá ò mọ iye wákàtí tí irú rẹ̀ gbà wọ́n nígbà tó kọjá. Bó bá dá owó lé e jù, oníbàárà á gba ibòmíràn lọ. Bó bá dín in jù, gbèsè ló máa fi parí rẹ̀. Ẹlòmíràn á tún pè lórí fóònù pé iṣẹ́ òun dà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìdí ẹ̀rọ tó wà.

Wọ́n ní bákóòdù ló wá tú gbogbo ìdí yìí. Ìwé iṣẹ́ kan á máa bá ọjà rìn láti ìdí ẹ̀rọ kan dé ìdí òmíràn, ìpele kọ̀ọ̀kan á sì ní bákóòdù tirẹ̀ lára ìwé náà. Òṣìṣẹ́ á sikáànì káàdì ọrùn rẹ̀, á sikáànì nọ́ńbà iṣẹ́, á sikáànì ìpele tó fẹ́ ṣe. Bó bá ṣe é tán, á tún sikáànì, á tẹ iye tó dára àti iye tó bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà á yọ àkókò ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú ti ìparí, á sì fi èyí tó kù wé iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ti dá lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìméfò mọ́. Kò sí ojúsàájú mọ́, torí súpáfáísọ̀ tó fẹ́ràn ọmọ ìlú rẹ̀ kò ní lè gba oríyìn ẹni ẹlẹ́ni fún un. Aláápọn á hàn, ọ̀lẹ á hàn, ẹ̀rọ kì í sì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Mo ti gbọ́. Ó yá, ẹ gbọ́ tèmi.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ṣe bákóòdù fún. Norman Joseph Woodland àti Bernard Silver ló forúkọ ọgbọ́n náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 1949. Oníṣòwò oúnjẹ kan ló ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi máa tètè ka ọjà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbowó. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú bákóòdù tí a mọ̀ lónìí ta ọjà, ní ilé ìtajà Marsh ní ìlú Troy, ìpínlẹ̀ Ohio. Ṣingọ́ọ̀mù Juicy Fruit ni ọjà náà. Kì í rẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ẹ̀yìn kì í dùn ún. Kì í kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti ka orúkọ rẹ̀ àti iye owó rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó kù láti mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣé bí òṣìṣẹ́ ṣe rí nìyẹn?

Wọ́n ní ẹ̀rọ ń rí iṣẹ́. Kò rí nǹkan kan. Ìgbà méjì péré ló lajú: ìgbà tí iná pupa rẹ̀ kan ìwé níbẹ̀rẹ̀, àti ìgbà tó kàn án níparí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, tó jẹ́ pé òun gan-an ni iṣẹ́, kò sí lójú rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan tó ń dá ihò sára irin. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló sikáànì. Ó gbé irin àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ, ó dè é, ó wọ̀n ọ́n, ó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé irin tòní le ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, nítorí ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ rajà ti rí èyí tó dínwó níbòmíràn. Bíìtì tó fi ń lu irin kú. Ó pààrọ̀ rẹ̀, èkejì ṣẹ́. Ó gba sítọ́ọ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ti lọ bá wọn já ẹrù lẹ́nu géètì. Ó dúró títí onítọ̀hún fi dé. Bó ṣe ń padà bọ̀, ọmọkùnrin tuntun tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì dá a dúró: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eléyìí." Ó wò ó. Ọmọ náà ti de irin rẹ̀ sódì. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ báyẹn, ogójì irin ni ìbá ti bàjẹ́ kó tó di ọ̀sán. Ó tú u, ó tún un dè, ó ní kí ọmọ náà dè é lójú òun, ó padà sídìí iṣẹ́ tirẹ̀. Ni iná bá lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó tún di ìgbà tí ẹ̀rọ bá dìde dáadáa. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù nígbà tó sikáànì ìparí.

Kí ni kọ̀ǹpútà rí kọ? Wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú lórí iṣẹ́ tí wọ́n dá wákàtí méjì lé. Orúkọ rẹ̀ di pupa lójú ẹ̀rọ. Orúkọ ọmọ tuntun, tí kò ba irin kan ṣoṣo jẹ́, yọ ní àwọ̀ ewé. Ẹni tó ra irin líle gba oríyìn pé ó bá ilé iṣẹ́ dín ìnáwó kù. Ẹ̀gbọ́n tó gba wọ́n lọ́wọ́ òfò ogójì irin ni wọ́n ránṣẹ́ pè sí ọ́fíìsì.

Wọ́n á ní, kí ló dé tí kò sikáànì kóòdù ìdádúró? Mo mọ̀ pé kóòdù wà. Ìwé gbọọrọ kan báyìí ni, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, tí epo ti rin ín, tí ìka ọwọ́ ti pa ìlà rẹ̀ mélòó kan rẹ́, tí èèyàn á na sikánà sí i lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dún. Kóòdù wà fún ìmúra ẹ̀rọ sílẹ̀, ó wà fún àìsí irin, ó wà fún gbígbálẹ̀, fún ìpàdé, fún oúnjẹ. Èwo ni kóòdù pé mo gba iṣẹ́ ẹlòmíràn sílẹ̀? Èwo ni kóòdù pé mo dúró fetí sí ẹ̀rọ, torí ó ń dún bí kò ṣe dún lánàá? Èwo ni kóòdù pé mo wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi, mo rí i pé àṣìṣe wà nínú ìwé àwòrán rẹ̀, mo sì gòkè lọ bá ẹni tó yà á? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Bí wọ́n bá sì wá kóòdù fún gbogbo rẹ̀, òṣìṣẹ́ á di akọ̀wé tó ń fi ọjọ́ rẹ̀ kọ ìwé nípa iṣẹ́ tí kò ráyè ṣe.

Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Iṣẹ́ wo ni ìṣẹ́jú rẹ̀ jẹ́? Kọ̀ǹpútà á pín in sí mẹ́ta lọ́gbọọgba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ló gba gbogbo ojú rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ìméfò tí wọ́n ní àwọn lé jáde lẹ́nu ọ̀nà ló gba ojú fèrèsé wọlé yẹn.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, à bá ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ṣe igi. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wọn òun, tó sì mọ̀ pé owó oṣù òun tàbí ìtìjú òun wà lórí ìwọ̀n náà, kò ní jókòó kí ìwọ̀n pa òun. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Donald Roy, fi ojú ara rẹ̀ rí i. Láàárín ọdún 1944 sí 1945, ó gba iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń dá ihò sára irin ní ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè Chicago, ó sì kọ ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ àwùjọ ní ọdún 1952. Bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó níbẹ̀. Síbẹ̀, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti dé iye kan, wọ́n á dáwọ́ dúró, bí agbára tilẹ̀ kù. Kí ló fà á? Wọ́n ti mọ̀ pé bí àwọn bá kọjá ibẹ̀, àwọn aláago, ìyẹn àwọn tó ń fi aago ka ìṣẹ́jú iṣẹ́, á tún wá, wọ́n á sì gé owó iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí wọ́n dá àkókò tí kò tó lé, wọ́n á fà á nílẹ̀, torí kò sí bí wọ́n ṣe sáré tó tí wọ́n lè bá a. Ní bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, onímọ̀ àwùjọ mìíràn, Michael Burawoy, lọ ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ó sì wá rí i pé ilé iṣẹ́ tí Roy ti ṣiṣẹ́ gan-an lòun wà. Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1979, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń fi iṣẹ́ tí wọ́n ti parí lónìí pa mọ́, kí wọ́n lè gbé e jáde lọ́jọ́ tí nǹkan bá le. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì mọ ìṣirò náà ju àwọn aláago lọ.

Bákóòdù kò pa ọgbọ́n yìí, ṣe ló fún un ní ohun èlò tuntun. Ẹ lọ dúró sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi sikánà ṣọ́ òṣìṣẹ́ nígbà tí ṣíìfù bá fẹ́ tán. Ẹ ó rí ẹni tó kó ìwé iṣẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ sí apá, tó dúró nídìí sikánà, tó ń sikáànì wọn léraléra: ìbẹ̀rẹ̀, ìparí, ìbẹ̀rẹ̀, ìparí. Ẹ ó rí ẹni tó ti múra ẹ̀rọ sílẹ̀ tán, tó ti gbé irin àkọ́kọ́ jáde, kó tó wá sikáànì ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìwé iṣẹ́ tó rọrùn kì í pẹ́ lórí tábìlì, àmọ́ èyí tó le á máa bọ́ sábẹ́ lójoojúmọ́, títí oníbàárà á fi pariwo. Ta ló kọ́ wọn? Ìwọ̀n náà ló kọ́ wọn.

Ibi tí ẹjọ́ àwọn oníbákóòdù ti wó lulẹ̀ pátápátá nìyí. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni pé àwọn fẹ́ mọ iye wákàtí tòótọ́, kí wọ́n lè dá owó lé iṣẹ́. Nọ́ńbà tí òṣìṣẹ́ fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìyà, ṣé òun ni ẹ fẹ́ fi dá owó lé iṣẹ́ oníbàárà? Nígbà tí ẹ ń lo pépà, gbogbo ilé ló mọ̀ pé ìméfò ni, ọ̀gá tó gbọ́n á sì bi fómáànù kó tó gbà á gbọ́. Nísinsìnyí ìméfò náà ti ní wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn, ó ti ní àwòrán aláwọ̀ mèremère, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bá a jiyàn mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká yẹ ti ojúsàájú wò, torí òun ni wọ́n fi ń fa ojú òṣìṣẹ́ mọ́ra. Ẹ̀rọ kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ta ló dá wákàtí méjì lé iṣẹ́ yẹn? Èèyàn ni, nínú ọ́fíìsì, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Ta ló ń pín iṣẹ́ láàárọ̀? Èèyàn ni. Súpáfáísọ̀ tó fẹ́ gbe ọmọ ìlú rẹ̀ kò nílò kó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà: iṣẹ́ tó rọ̀ ni yóò máa gbé fún un, ẹ̀rọ tó dára jù ni yóò máa fi í sí ìdí rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì máa ròyìn lóṣooṣù pé ọmọ ìlú rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù. Tẹ́lẹ̀, a lè sọ pé súpáfáísọ̀ ṣègbè. Báyìí, bí ẹnì kan bá ráhùn, wọ́n á tẹ ìwé jáde fún un.

Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kó ṣe bó ṣe fẹ́, ibo ló ń bá a dé? Ilẹ̀ Faransé ti fi hàn wá. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 2023, CNIL, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ará ìlú níbẹ̀, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 32 yúrò lé ilé iṣẹ́ Amazon tó ń bójú tó àwọn ilé ìkẹ́rùsí wọn ní ilẹ̀ náà. Sikánà ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló fa ọ̀rọ̀. Nígbà náà, bí òṣìṣẹ́ bá sikáànì ọjà kan ní ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá 1.25 lẹ́yìn tó sikáànì èyí tó ṣáájú, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yára jù, ó lè ti ṣe àṣìṣe. Bí sikánà rẹ̀ bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́wàá, òmíràn tún wà tó ń kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú fún ọjọ́ 31, lórí orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àjọ náà sọ ọ́ gbangba pé irú ìṣirò báyìí lè mú kí òṣìṣẹ́ di ẹni tó ní láti máa ṣàlàyé gbogbo ìgbà tó bá dúró.

Ẹ ro ọ́ wò. Bó bá yára, ó lẹ́jọ́ í jẹ́. Bó bá dúró, ó lẹ́jọ́ í jẹ́. Obìnrin tó lọ tọ̀, ó lẹ́jọ́ í jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń gbé irú sikánà yìí lọ́wọ́ ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi owó rẹ̀ sanwó ilé ìwé àbúrò nílé. Ṣé ohun tó ń lé wọn kiri níbẹ̀ la tún fẹ́ fi òǹtẹ̀ ọ̀làjú lù, ká rà á wá fún àwọn tó kù sílé?

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1911, àwọn tó ń da irin ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Watertown, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, dáwọ́ iṣẹ́ dúró, torí pé wọ́n gbé aago dúró tì wọ́n, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú àáyá lé wọn lórí. Ọgbọ́n Frederick Taylor ni wọ́n ń lò, ọkùnrin tó gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló dára jù láti ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti pé aláago ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe é. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ náà, Taylor fúnra rẹ̀ wá rojọ́ níwájú wọn, nígbà tó sì di ọdún 1915 wọ́n fi òfin de aago yẹn nínú ilé iṣẹ́ ológun. Òfin náà wà títí di ọdún 1949, ọdún kan náà tí Woodland àti Silver mú bákóòdù wá. Aago lọ, iná pupa dé. Lọ́dún 2021 ni ìpínlẹ̀ California tún ní láti ṣòfin pé ilé ìkẹ́rùsí kò gbọdọ̀ dá iye iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ráyè jẹun tàbí lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti mẹ́wàá lẹ́yìn Watertown, òfin ló tún ń gba ìṣẹ́jú tí èèyàn fẹ́ fi tọ̀ padà fún un.

Ó ku èyí tó wà nídìí gbogbo rẹ̀: òṣìṣẹ́ wa ọ̀lẹ ni. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn tí kì í dúró nídìí ẹ̀rọ ló sábà máa ń sọ ọ́. W. Edwards Deming, tí àwọn ará Japan gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, fi ojú bù ú nínú ìwé rẹ̀ Out of the Crisis pé nínú 100 wàhálà tó wà nílé iṣẹ́, 94 jẹ́ ti bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ọ̀gá ló wà. Ó ní kí wọ́n lé ẹ̀rù jáde nílé iṣẹ́, kí wọ́n sì yé dá iye tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe lóòjọ́ lé e. Ẹ gbé e wá sílé. Iná tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ṣé òṣìṣẹ́ ló ń mú un lọ? Dísẹ̀lì tí wọn kò rà lásìkò ńkọ́? Irin tó há sí ibùdókọ̀ òkun ní Àpápá, mẹkáníìkì tí wọn kò pè títí bẹ́líìtì ẹ̀rọ fi já, ọ̀nà Àgbárá tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ti ń rì sínú ẹrẹ̀? Gbogbo èyí á wọ inú kọ̀ǹpútà, á gba orúkọ òṣìṣẹ́ jáde. Ìdí rèé tí àwọn ọ̀gá kan fi fẹ́ràn ẹ̀rọ náà tó bẹ́ẹ̀: ó ń bá wọn sọ ẹ̀bi tiwọn di gbèsè ọlọ́gbèsè.

Ẹ wo Toyota, tí gbogbo wọn ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Okùn kan wà létí ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá rí àléébù á fà á, olórí wọn á sáré wá bá a, bí wọn kò bá sì tètè rí i yanjú, gbogbo ìlà iṣẹ́ á dúró. Òṣìṣẹ́ ló ń ránṣẹ́ sí ọ̀gá níbẹ̀, ọ̀gá ló sì ń sáré. Bákóòdù onígun mẹ́rin tí gbogbo wa ń fi fóònù kà lónìí, ìyẹn QR, ọ̀dọ̀ Denso tó ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ fún Toyota ló ti jáde, lọ́dún 1994. Kí ló bí i? Àwọn òṣìṣẹ́ ráhùn pé àpótí kan lè ní bákóòdù bíi mẹ́wàá, pé ó ń rẹ àwọn láti máa kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Masahiro Hara àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denso gbọ́, wọ́n sì wá ohun tí kíkà ẹ̀ẹ̀kan á tó fún. Ká ní ṣe ni wọ́n ka iye ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń sikáànì àpótí, kí wọ́n kọ ẹni tó lọ́ra sílẹ̀, ṣé QR ìbá ti jáde?

Nítorí náà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kó sikánà dà nù. Ẹ sikáànì ọjà. Ẹ sikáànì ìwé iṣẹ́ nígbà tó bá dé ìdí ẹ̀rọ kan, ẹ sikáànì rẹ̀ nígbà tó bá ń kúrò níbẹ̀, ẹ ó sì lè dá oníbàárà tó ń béèrè iṣẹ́ rẹ̀ lóhùn láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ó tún rí ohun tí káàdì ọrùn kò lè fi hàn yín láé, pé ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, iṣẹ́ tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lò ju wákàtí mélòó kan lọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́; ilẹ̀ ló ti lo ìyókù, tó ń dúró de irin, tó ń dúró de ẹ̀rọ, tó ń dúró de ìbuwọ́lù ọ̀gá. Ọjọ́ tó ṣòfò yẹn ni kí ẹ lọ wá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ wákàtí tí iṣẹ́ kan gbà kí ẹ lè dá owó lé e, ẹ bi àwọn tó ń ṣe é, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi orúkọ ẹnì kankan sí i, kí wọ́n sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé owó ẹnì kan kò ní dín, iṣẹ́ ẹnì kan kò ní bọ́ nítorí rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n máa sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n kí káàdì ọrùn kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí orúkọ òṣìṣẹ́ kúrò lára ìṣẹ́jú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó oṣù, má ṣe gé owó oṣù, má ṣe kọ ìwé ìkìlọ̀, má ṣe lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun tí sikánà wí. Mi ò ní kí wọ́n dín in kù, mi ò ní kí wọ́n fi ọgbọ́n lò ó. Kí wọ́n yọ ọ́ ni mo wí, ní gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà, láti Ìkejà dé Ọ̀tà, lónìí. Ọ̀gá tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ òun ń ṣiṣẹ́, kó sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ, kó kí i, kó bi í pé kí ló ń dá a dúró, kó sì lọ mú un kúrò lọ́nà.